Ọwọ́ Tó Wà Lára Ilé Ẹja

Ìsàlẹ̀ òkun ni mo ti bá ilé ìdáná mi. Ààrò mi wà níbẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ wà lórí rẹ̀, omi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, síbẹ̀ iná ń jó lábẹ́ ìkòkò. Kò sí ariwo kankan. Ẹja kékeré kan tó nílà lára wọ inú ife tí mo fi ń bu iyọ̀, ó yí ara padà nínú rẹ̀, ó sì yọjú wò mí bí ọmọ tó fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Sálúbàtà ilé ni mo wọ̀, orí iyanrìn ni mo sì dúró sí.

Mo sé èémí mi nítorí mo mọ̀ pé omi ni. Àyà mi fún pinpin. Ṣùgbọ́n ojú àlá kì í ṣe ojú lásán, èèyàn lè sé èémí níbẹ̀ kó sì máa rìn, kó sì máa bínú. Inú ti ń bí mi kí n tó gbé ẹsẹ̀ kan, nítorí mo ti mọ ibi tí mo wà.

Abà Ẹja ni. Mi ò débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Àwọn ilé sìmẹ́ǹtì tí ọkọ mi, Adéwùsì, fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ, tó sì rì sínú òkun níwájú ìlú wa, Okun-Ìdẹrà, ló tò yí ilé ìdáná mi ká. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí rogodo bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ dé, ihò sì wà lára wọn káàkiri tí ẹja ń gbà wọlé. Láyé àtijọ́, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n ti gbá ìsàlẹ̀ omi wa mọ́ féfé. Ẹja ò ríbi sá sí, àwọn apẹja wa á lọ, wọ́n á sì padà lọ́wọ́ òfìfo. Adéwùsì ló ní bí a bá kọ́lé fún ẹja, ẹja á padà wálé. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹja fi padà lóòótọ́. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti Èkó wá lọ́jọ́ ìsinmi láti gbafẹ́. Wọ́n á gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n, wọ́n á wọ bàtà gbàǹgbà tí à ń pè ní bàtà pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n á tẹ̀ lé ọkọ mi sọ̀kalẹ̀ lọ wo bí ẹja ṣe ń gbé nílé tó kọ́. Bí wọ́n bá jáde, ojú wọn á máa tàn bí ojú ẹni tó ti ilé ìyàwó bọ̀.

Ojú fèrèsé ilé ìdáná ni èmi ti máa ń wò wọ́n. Mo mọ gbogbo ohun tó máa ń sọ fún wọn lórí iyanrìn kí wọ́n tó wọ omi, mo lè kà á láìwo ibì kan. "Ẹ lè gbàgbé gbogbo ohun yòókù," yóò wí, "ṣùgbọ́n ẹ má sé èémí. Bó ti wù kí ẹ̀rù bà yín tó, ẹ máa mí. Afẹ́fẹ́ tí èèyàn bá sé mọ́nú nísàlẹ̀ omi lè fa ẹ̀dọ̀fóró ya nígbà tó bá ń gòkè." Lẹ́yìn náà ni yóò tu itọ́ sínú gíláàsì ojú tí wọ́n fi ń ríran nínú omi, ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì, yóò fi àtàǹpàkò rà á yíká kó má baà ṣú lójú wọn, yóò fi omi ṣàn án, yóò sì dé e mọ́ wọn lójú. Bí obìnrin bá ni, yóò fi sùúrù yọ irun tó bá há sábẹ́ rọ́bà. Ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ ló jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lórí irun wọ̀nyẹn.

Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, mo ń jowú. Òkun ni mo kọ́kọ́ ń jowú rẹ̀. Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, mo mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ìgbàkúùgbà tí Adéwùsì bá ní kí n wá kí òun kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lọ ìsàlẹ̀, èsì mi kò yí padà: mi ò ní lọ kí orogún mi nílé rẹ̀. Òun á rẹ́rìn-ín, á gbé sílíńdà rẹ̀, á lọ. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Èmi lẹ́ran níbi gbogbo, àyà yẹn nìkan ló gbẹ.

Lẹ́yìn náà ni Bọ̀sẹ̀dé dé. Lára òfin iṣẹ́ wọn ni pé ẹnikẹ́ni kì í dá wọ omi, ó gbọ́dọ̀ ní ẹnìkejì. Ẹnìkejì yìí ló máa fa ìgbànú rẹ kó le, ló máa yẹ sílíńdà rẹ wò kó o tó fò sínú omi. Bí afẹ́fẹ́ rẹ bá tán nísàlẹ̀, yóò fún ọ nínú tirẹ̀, ẹ ó sì jọ máa mí láti inú sílíńdà kan ṣoṣo títí ẹ ó fi dókè. Bọ̀sẹ̀dé ni ẹnìkejì ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí sì ṣẹlẹ̀ sí wọn lẹ́ẹ̀kan. Nídìí oúnjẹ ni Adéwùsì ti sọ ọ́ fún mi, ẹ̀rín ń pa á. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ Bọ̀sẹ̀dé ni mo mí délé lónìí." Mo gbé abọ́ ọbẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni èmi àti ọkùnrin yìí sùn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, mi ò bá a mí láti inú sílíńdà kankan rí.

Kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Mo mọ̀. Bọ̀sẹ̀dé ní ọkọ tirẹ̀, ó sì ń kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni ń kí ìyá rẹ̀. Ká ní mo rí nǹkan kan mú ni, ara ìbá tù mí. Owú tí kò rí ẹ̀sùn kà sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn, inú ẹni tó ń jẹ ẹ́ náà ló ń gbé.

Omi kọ́ ló pa ọkọ mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá a dùbúlẹ̀ lórí àga gbọọrọ nínú pálọ̀ wa, orí ìtan mi ló sì kú sí. Òkun ló jẹ ayé rẹ̀, èmi ni wọ́n fún ní ikú rẹ̀. Mo rò pé ó kéré tán, ó ti di tèmi nìkan wàyí. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn èèyàn lójú àlá. Àbúrò rẹ̀, Kúnmi, rí i, ó ní ó wọ fìlà funfun. Músílíù tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe rí i, ó ní ó wá béèrè sípánà tó yá òun. Ẹ gbọ́ o, sípánà. Bọ̀sẹ̀dé rí i lẹ́ẹ̀mejì. Tomijétomijé ló fi sọ ọ́ fún mi, mo ní "O ṣeun," mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo fi ẹ̀wù rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo sún sí apá ibi tí òun máa ń sùn sí. Ewúrẹ́ ni mo ń rí lójú àlá.

Ohun kan ló kù tí mo ní. Ilé ẹja tó mọ gbẹ̀yìn ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa, lábẹ́ igi furúùtù. Àṣà wọn ni pé kí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ, ẹni tó mọ ọ́n á tẹ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tó tóbi jù. Wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé kí ẹja lè mọ onílé ni. Ọwọ́ Adéwùsì wà lára èyí, ìka rẹ̀ pé, tó fi dórí àpá ibi tí ìwọ̀ ti fà á ya nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí Bọ̀sẹ̀dé wá sọ pé àwọn fẹ́ gbé e lọ bá àwọn tó kù nínú òkun, mo fi tapólì bò ó, mo sì fi okùn dì í.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo lá àlá yìí, Bọ̀sẹ̀dé tún wá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mi ò ní kó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Òjò ti ń bọ̀. Bí omi bá ti dàrú, kò sẹ́ni tó lè lọ ìsàlẹ̀ mọ́ àfi tí ọyẹ́ bá dé."

"Kó dàrú."

"Bọ̀dá fúnra wọn ló fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn yòókù, mà. Iyanrìn lásán ni ibẹ̀. Ẹja kì í dúró síbẹ̀."

"Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi bá yín ṣe nínú omi," mo ní. "Ọwọ́ yìí nìkan ló kù sílé. Ẹ fẹ́ gba ìyẹn náà?"

Ó ní ẹnìkan ti wá láti Èkó tó lè ran òun lọ́wọ́ láti gbé e sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́la nìkan ni onítọ̀hún máa wà nílùú. "Mo máa padà wá nírọ̀lẹ́," ó ní. "Bí ẹ bá tún ní rárá, mi ò ní dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Màá kàn fi iṣẹ́ omi sílẹ̀ ni. Mi ò lẹ́nìkejì mọ́, mà. Ẹni tí mo bá rí, mi ò fọkàn tán an. Kò ní pẹ́ tí ọkọ̀ alàwọ̀n á fi mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ Abà mọ́."

Mo padà sídìí ààrò mi. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òjò àkọ́rọ̀ ṣú, ara mi wúwo, mo tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sùn. Bí mo ṣe bá ara mi nísàlẹ̀ òkun nìyẹn, pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ àti sálúbàtà.

Adéwùsì jókòó lórí àpótí mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Báàfù kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi omi kànga ṣan ìgbànú àti rọ́bà, bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìnkùlé nígbàkigbà tó bá ti òkun dé. Omi kànga náà kò dà pọ̀ mọ́ omi òkun. Ó dúró nínú báàfù, ó mọ́ gaara. Ọwọ́ òsì nìkan ló fi ń fọ̀ ọ́.

"Bàbá Ìyíọlá," mo ní, orúkọ ọmọ wa tí mo fi ń pè é.

"Àwẹ̀ró." Òun nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Kò yíjú padà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ilé ti tóbi jù fún mi. Ohun tó ti ẹnu mi jáde ni pé, "Ta lẹ ń fọ ìyẹn fún?"

"Ti Bọ̀sẹ̀dé ni."

Kò tiẹ̀ pa á mọ́. Ara mi gbóná nínú omi tútù yẹn. "Ẹ ti kú, ẹ ṣì ń fọ nǹkan Bọ̀sẹ̀dé."

"Iyọ̀ á jẹ ẹ́."

"Kí iyọ̀ jẹ ẹ́."

Èjìká rẹ̀ mì díẹ̀, bó ṣe máa ń mì tó bá ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Ẹja onílà yẹn jáde nínú ife iyọ̀, ó lọ dúró lẹ́bàá etí rẹ̀. Mo jowú ẹja náà.

"Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé," mo ní. "Ẹ dé ọ̀dọ̀ Músílíù. Ẹ lọ béèrè sípánà."

"Sípánà mi ni."

"Èmi ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ló yíjú sí mi. Àmì gíláàsì yí ojú rẹ̀ ká, bó ṣe máa ń rí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè. Kò ṣàìsàn mọ́. Ó wò mí jẹ́ẹ́, bó ṣe máa ń wo àlejò tí ẹ̀rù ń bà.

"O sé èémí," ó ní. "Láti ọjọ́ tí mo ti lọ lo ti sé e. Ẹni tó bá sé èémí, mi ò lè mú un sọ̀kalẹ̀. Ìwọ náà mọ̀."

"Omi á wọ̀ mí nínú."

"Máa mí, Àwẹ̀ró."

Ó mú gíláàsì tirẹ̀ láti inú báàfù. Ó tu itọ́ sí i, ó fi àtàǹpàkò òsì rà á yíká, ó ṣàn án, ó sì dìde wá bá mi. Ó dé e mọ́ mi lójú. Ọwọ́ kan yẹn náà ló fi fa rọ́bà rẹ̀ sẹ́yìn orí mi, ó fi sùúrù yọ irun mi tó há sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Gbogbo ọdún tí mo fi dúró lójú fèrèsé, ohun tí mo ń fẹ́ kò ju èyí lọ. Mo mí. Omi kankan ò wọ̀ mí nínú. Èémí mi jáde róbótó-róbótó, ó ń gun òkè lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, àyà mi sì tú.

Gíláàsì náà jẹ́ kí n rí Abà yẹn kedere. Ẹja ń wọlé, ẹja ń jáde, bí ará ilé tó ń lọ sí ọjà tó ń bọ̀. Láàárín gbogbo rẹ̀, àyè kan ṣófo, iyanrìn lásán. Bọ̀sẹ̀dé jókòó létí àyè náà lóun nìkan. Ó ti gbé sílíńdà pọ̀n, ìgbànú rẹ̀ tú lẹ́yìn, ó ń na ọwọ́ sẹ́yìn láti fà á, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó na tòsì. Kò pe ẹnikẹ́ni.

"Ta ló ń bá a fa ìgbànú?" Adéwùsì béèrè.

"Ẹ̀yin ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń fà á."

Ó gbé apá ọ̀tún rẹ̀ sókè. Apá náà parí sí ọrùn ọwọ́, ó jọ̀lọ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ọgbẹ́.

"Ọwọ́ yín dà?" Ohùn mi ti rọ̀.

"Ó wà lọ́dọ̀ rẹ," ó ní. "Lábẹ́ tapólì." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilé wà. Kò sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀.

"Ṣé kí n fún un ni?"

"Mi ò ní kí o fún un. Mo ní, ta ló ń bá a fa ìgbànú?"

Mo fẹ́ dáhùn. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó ti jókòó padà sórí àpótí, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì ṣan ìgbànú Bọ̀sẹ̀dé, omi kànga ń dún pàpà nínú báàfù. Ìró yẹn ń pọ̀ sí i, ó ń pọ̀ sí i, títí mo fi mọ̀ pé òjò ni, pé orí tapólì lẹ́yìnkùlé ló ń rọ̀ sí.

Mo lajú. Ojú mi tutù, àpá ẹní ti wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi. Mo mí jáde, ó gùn débi pé ó ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Òjò náà ò pẹ́ tó fi dá. Mo gbọ́ ohùn Bọ̀sẹ̀dé lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà."

Mo gba ẹ̀yìn jáde, mo tú okùn, mo ká tapólì kúrò. Omi òjò ti wọ abẹ́ rẹ̀, ó dúró sínú ibi tí ọwọ́ Adéwùsì wà, ní gbogbo ìka. Mo fi ọwọ́ tèmi lé e. Ọwọ́ mi kéré, àyè ṣẹ́ kù yí i ká. Ọwọ́ yẹn tutù, sìmẹ́ǹtì ni. Mo ti ń bá sìmẹ́ǹtì gbé, mo ń pè é lọ́kọ.

Bọ̀sẹ̀dé ti yí ilé ká wá bá mi. Ó dúró lókèèrè, kò súnmọ́ mi.

"Ẹ gbé e lọ lọ́la," mo ní.

Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀.

"Dìde, mi ò tíì parí. Èmi náà á wà nínú ọkọ̀ lọ́la. Àti pé bí ọyẹ́ bá ti dé, wàá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lọ ìsàlẹ̀. Ìwọ á fa ìgbànú mi, èmi á fa tìrẹ."

"Ẹ̀yin, mà?" Ó wo ojú mi bóyá ara mi yá. "Ẹ ní ẹ ò ní débẹ̀ láyé."

"Ṣé o rò pé màá fi ìwọ àti ọkọ mi nìkan sílẹ̀ níbẹ̀ ni?"

Kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò mọ̀, nítorí òótọ́ ni mo sọ. Mo wọlé, mo mú gíláàsì Adéwùsì níbi tó fi kọ́ sára ìṣó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iyọ̀ òkun ti gbẹ funfun mọ́ ọn lára, ẹnikẹ́ni ò fọ̀ ọ́ láti ìgbà tó ti lọ. Mo fa omi kànga, mo jókòó lórí àpótí, mo fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́. Lẹ́yìn náà mo tu itọ́ sínú rẹ̀, mo sì fi àtàǹpàkò rà á yíká, bó ṣe máa ń ṣe é.